Fọ́tò Bàbá Nígbà Tí Bàbá Ṣì Wà Láyé

Bí àgbà bá papò dà ní Ìbàdàn, kì í pẹ́ rárá tí ọ̀rọ̀ fọ́tò fi máa ń délẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe pósítà ti dé, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Fọ́tò wọn dà?" Àwọn ọmọ á máa wojú ara wọn. Ọ̀kan á sáré wọ yàrá, á gbé àpótí jáde, á tú u palẹ̀. Ohun tí wọ́n máa rí níbẹ̀ kì í ju fọ́tò pélébé ti káàdì ìdìbò lọ, tàbí èyí tí wọ́n yà nígbà àyẹ̀wò owó ìfẹ̀yìntì, tí bàbá ti tò títí tó fi rẹ̀ ẹ́. Wọ́n sì lè rí ti ìgbéyàwó ẹnì kan: bàbá wà ní ìlà ẹ̀yìn, gèlè ìyá onílé kejì bo èjìká rẹ̀ kan. Wọ́n á gé orí rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà á lẹ̀ ẹ́ mọ́ agbádá tí bàbá kò wọ̀ rí, wọ́n á fẹ̀ ẹ́ títí ojú rẹ̀ á fi fọ́, wọ́n á sì gbé e kọ́ síwájú ilé.

Mo ti ń rí irú pósítà bẹ́ẹ̀ láti Mọ́lété dé Ìwó Road, láti Ọjọ̀ọ́ dé Orítamẹ́rin, kò sì sí ìgbà kan tí kì í dùn mí. Ọkùnrin tó kọ́lé, tó tọ́mọ, tí gbogbo àdúgbò ń kí tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, orí gígé lórí agbádá àjèjì ni wọ́n fi ń dágbére fún un. Inú ìbànújẹ́ yẹn ni iṣẹ́ tó ń mú owó kún owó oṣù mi ti jáde. Mo fẹ́ sọ bí kámẹ́rà tí mo rà láti fi najú ṣe di ohun tó ń mówó wọlé, àti ìdí tí mo fi gbà pé ibi tí ojú ènìyàn ti ń lọ fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ owó, ni kó ti wá owó náà.

Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú yìí. Kámẹ́rà àkọ́kọ́ tí mo ní, àlòkù ni, mo sì rà á nítorí pé mo fẹ́ràn fọ́tò, ó tán. Ní ọjọ́ Sátidé mo máa ń gun Láyípo, ilé ìṣọ́ Bower tí wọ́n kọ́ sórí Òkè Àáre ní 1936, láti ya òrùlé ìlú: páánù tó ti dípẹtà, tó tẹ́ lọ títí ojú ò fi tó òpin rẹ̀ mọ́. Mo ya Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929 láti gbogbo igun tí ẹsẹ̀ lè gbé mi dé. Mo ya Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ ní òwúrọ̀, mo yà á ní ìrọ̀lẹ́, mo yà á nígbà tí òjò ń ṣú bọ̀. Àwòrán wọ̀nyẹn kò mú kọ́bọ̀ wọlé, n kò sì retí rẹ̀. Wọ́n kọ́ mi bí òòrùn ìlú yìí ṣe ń rìn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ gba àárín agbo ilé padà sí Bẹẹrẹ, àwọn àgbà tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ojú mi máa ń dúró lé: ìyá tó ń ṣa ẹ̀wà, bàbá tó gbé rédíò sétí, ẹni tó kàn jókòó tó ń gba atẹ́gùn. Mo máa ń kí wọn, mo máa ń tọrọ àyè, wọ́n á sì ní kí n yà wọ́n.

Nígbà tí àwọn ènìyàn rí i pé mo mọ̀ ọ́n yà, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní: "Lọ máa ya òde!" Ìmọ̀ràn gidi ni. Ìbàdàn kì í ṣe aláìní àríyá. Sátidé kan kò lè lọ kí wọ́n má ṣe ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ìsọmọlórúkọ tàbí ìwúyè ní àdúgbò kan. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn onífọ́tò òde gan-an. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́: wọ́n á ya àlejò bó ṣe ń wọlé, ọmọ iṣẹ́ wọn ti jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, kí àlejò tó jẹ ìrẹsì tán fọ́tò rẹ̀ ti tutù lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ojú inú, ẹsẹ̀ yíyá àti ahọ́n dídùn ló wà nínú iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe é ní àṣepọ̀ mọ́ iṣẹ́ olùkọ́, láti aago méje òwúrọ̀ Sátidé títí di òru, tí yóò tún ṣàtúnṣe ẹgbẹ̀lẹgbẹ̀ àwòrán láàárín ọ̀sẹ̀, kò ní pẹ́ kó tó bínú sí kámẹ́rà rẹ̀. Mo ti rí i lára àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá nídìí ìnajú yìí: owó ń wọlé, ṣùgbọ́n bí kò bá sí òde, wọn kì í gbé kámẹ́rà jáde mọ́.

Tí ènìyàn bá ti fẹ́ràn ohun kan tó fi ń yà á lọ́fẹ̀ẹ́, ó ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lórí owó ara rẹ̀ tipẹ́. Ó mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀, ó mọ ohun tí a ń sọ fún ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀. Ìmọ̀ yẹn ni ọjà tó ní lọ́wọ́. Bó bá fi sílẹ̀ tó lọ bá ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe, àkọ́bẹ̀rẹ̀ ló tún di níwájú àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tí mo máa ń rántí lórí ọ̀rọ̀ yìí, J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ ilẹ̀ Ẹdó. Ní 1950 ló ra kámẹ́rà Brownie kan. Ní 1954 ó ríṣẹ́ sí yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fíìmù ní ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba, níhìn-ín ní Ìbàdàn. Ó tún bá ilé tẹlifíṣọ̀n ṣiṣẹ́, WNTV tó bẹ̀rẹ̀ nílùú yìí ní 1959, kó tó lọ sí Èkó lọ bá ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà. Ìpolówó ọjà yẹn ló ń bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n láti 1968 ló ti ń ya irun orí àwọn obìnrin, ọ̀pọ̀ rẹ̀ láti ẹ̀yìn orí, irun dídì àti irun kíkó, lójú pópó, lóde ìgbéyàwó, níbikíbi tí ojú rẹ̀ bá ti gán-án-ní rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó ya irun tó sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kó tó kú ní 2014, irun yẹn sì ni gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀ mọ́ lónìí. Bí mo bá ń kọjá ní Agodi, mo máa ń rò ó pé ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ti fẹsẹ̀ rin òpópónà tí mò ń rìn, kámẹ́rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti èmi bẹ̀rẹ̀ ní yàrá àwọn olùkọ́. Ẹnì kejì mi kan níbi iṣẹ́ ní kí n bá òun ya ìyá òun ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ìyá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì ti ta aṣọ òkè ní Ojé nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. A débẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí wọn, ọmọ wọn sọ ohun tí a bá wá. Màmá wo aṣọ ilé tó wà lọ́rùn wọn, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ẹ dúró ná." Wọ́n wọlé, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, ìró àti bùbá sányán ló wà lára wọn, ìborùn léjìká, iyùn lọ́rùn. Wọ́n jókòó, wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé itan, wọ́n gbé orí sókè, wọ́n ní, "Ó yá, yà mí. Báyìí ni mo ṣe jẹ́."

Fọ́tò yẹn wọ orí WhatsApp ìdílé lọ́jọ́ náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ wọn tó wà ní Kánádà ti pè mí: ó fẹ́ ńlá kan fún pálọ̀ Ìbàdàn, ó fẹ́ kékeré fún ara rẹ̀, èló ni? Mo dárúkọ iye kan. Ó ní kí n fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́. Láti ìdílé yẹn ni ìdílé kejì ti gbọ́, láti ìkejì ni ìkẹta ti gbọ́, títí di òní n kò tíì lẹ ìwé ìpolówó kankan mọ́gi.

Bí Màmá ṣe jókòó yẹn, ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tò àwọn òbí wọn rí lára ògiri: ojú kọ kámẹ́rà gan-an, orúnkún méjèèjì hàn, ọwọ́ méjèèjì hàn, aṣọ tẹ́ dáadáa, kò sẹ́rìn-ín. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1978, lẹ́yìn tó ti bá àwọn onífọ́tò wa ṣe nǹkan pọ̀, pàápàá ní Ìlá Ọ̀ràngún. Ó rí i pé ìjókòó yẹn ní ìlànà tirẹ̀, tó bá bí Yorùbá ṣe ń wo iyì àgbà mu. Nílẹ̀ wa náà ni onífọ́tò ti mọ bó ṣe ń ṣe é tí ìbejì kan bá kú kí wọ́n tó yà wọ́n pọ̀: á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á tẹ méjèèjì sójú ìwé kan náà, ìbejì á sì tún jókòó ti ara wọn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì jẹ́ obìnrin, ọmọ tó kù á wọ aṣọ tirẹ̀, á sì tún wọ ti ìkejì rẹ̀. Àwọn tó ṣe irú èyí kò kà á sí eré. Nítorí náà, bí àwọn ọmọ bá ń pariwo lẹ́yìn mi pé, "Bàbá, ẹ rẹ́rìn-ín! Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀!", mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí bàbá jókòó bó ṣe fẹ́. Bí ẹ̀rín bá wá fúnra rẹ̀, mo ti múra sílẹ̀ dè é.

Ohun tó gba àkókò mi jù nínú iṣẹ́ yìí ni ìmọ́lẹ̀ àti ojú dúdú. Kámẹ́rà kò mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ó ń gbìyànjú kí gbogbo ohun tó rí bọ́ sí àárín dúdú àti funfun. Bí Àlhájì bá wọ agbádá funfun tó sì jókòó ti ògiri funfun, kámẹ́rà á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú Àlhájì á sì wọ òkùnkùn, aṣọ nìkan ló máa hàn. Ojú ni mo máa ń wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo tó wá ro ti aṣọ. Ìṣòro yìí ti pẹ́: fún ọ̀pọ̀ ọdún, obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí káàdì tí ilé iṣẹ́ Kodak ń pín fún àwọn tó ń fọ fíìmù láti fi ṣòdiwọ̀n àwọ̀, ó di àwọn ọdún 1990 kí àwọn aláwọ̀ mìíràn tó bá a jókòó lórí rẹ̀. Àwọn onífọ́tò tó ya àwọn bàbá wa lásìkò yẹn, tí ojú àwọn bàbá wa sì hàn kedere, ọwọ́ àti ojú tiwọn ni wọ́n fi yanjú rẹ̀.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ilà. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà tí mò ń yà ló kọlà: àbàjà, pélé, gọ̀ǹbọ́. Fíláàṣì tó bá kọjú sí wọn gbọnrangandan máa ń pa ilà rẹ́, á sọ ojú di pẹrẹsẹ. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, láti ojú fèrèsé tàbí ẹnu ọ̀nà, ló ń jẹ́ kí òjìji díẹ̀ wọnú ilà kó lè yọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àtijọ́ dára jù lọ fún un: òrùlé bo orí, òòrùn kò kan ojú, ìmọ́lẹ̀ sì ń wọlé láti ìta ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Bí fìlà bá ṣíji bo ojú, aṣọ funfun kan ni mo máa ń tẹ́ sílẹ̀ níwájú wọn, nítòsí ẹsẹ̀, níbi tí kò ti ní hàn nínú àwòrán. Á ta ìmọ́lẹ̀ padà sókè sábẹ́ fìlà, ẹyin ojú á sì tàn.

Fóònù ìwòyí ń ṣe òdìkejì gbogbo èyí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń dán ojú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn, ilà a parẹ́, ìhunjọ a parẹ́, ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún á wá ní ojú ọmọ ogún ọdún tó ń ṣàìsàn. Àwọn ọmọ náà sì máa ń bẹ̀ mí: "Ẹ bá wa fọ ojú wọn mọ́ díẹ̀." N kì í ṣe é. Bí ọgbẹ́ tàbí ìléròrò tí yóò san lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ bá wà níbẹ̀, mo lè yọ ọ́. Ilà àti ìhunjọ kò ní kúrò. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 ti ka ilà kíkọ sára ọmọ léèwọ̀, mo sì fara mọ́ ọn, ọmọdé kò yẹ lẹ́ni tí à ń fi abẹ ya lójú. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé àwọn tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ọjà'ba lónìí ni ìran ìkẹyìn tí àbàjà yóò wà lójú wọn. Bí èmi tí mo ní kámẹ́rà bá tún nù ún kúrò nínú fọ́tò wọn, kí ni mo wá ṣe?

Wíwọ agbo ilé náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ọmọ tó wà lókè òkun lè ti sanwó, síbẹ̀ mi ò lè kàn gbé kámẹ́rà wọlé. Mo máa ń béèrè ẹni tó jẹ́ mọ́gàjí tàbí àgbà ilé, mo máa ń lọ kí wọn, mo máa ń sọ iṣẹ́ tí a rán mi. Mo máa ń béèrè àkókò ìrun. N kì í lọ sílé Àlhájì ní ọ̀sán Jímọ̀, n kì í lọ sílé ọmọ ìjọ ní òwúrọ̀ Sunday. Bí mo bá dé, n kì í yọ kámẹ́rà nínú àpò títí a ó fi sọ̀rọ̀ díẹ̀. Àwọn kan máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn pé, "Ṣé ikú mi lẹ ti ń retí ni?" Ìbéèrè tó tọ́ ni, n kì í sì yẹ̀ ẹ́. Bàbá kan ní Òkè-Àdó bi mí bẹ́ẹ̀ gan-an. Mo ní, "Bàbá, ẹ máa pẹ́ fún wa. Àwọn ọmọ ọmọ yín tó wà ní London ni wọ́n fẹ́ máa rí yín ní pálọ̀ wọn." Bàbá ronú sí i. Wọ́n ní, "Wọ́n tiẹ̀ mọ̀ mí?" Wọ́n ní kí wọ́n lọ gbé agbádá àlàárì àwọn wá.

Ọ̀rọ̀ owó wá kàn. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìnajú òun di owó gbọ́dọ̀ jókòó ṣírò, nítorí pé ìfẹ́ tí a ní sí iṣẹ́ máa ń jẹ́ kí á ta á ní ọ̀pọ̀. Ọ̀nà méjì ni mo pín iye mi sí. Owó ìjókòó wà, ìyẹn ni ti bí mo ṣe wá, tí mo ya àgbà, tí mo sì ṣàtúnṣe àwòrán. Owó títẹ̀ wà lọ́tọ̀, bí fọ́tò bá ṣe tóbi tó àti irú férémù tí wọ́n bá fẹ́. Kí n tó fi iye lé e, mo kọ gbogbo ohun tó ń jáde lápò mi sílẹ̀: ọkọ̀ àti ọ̀kadà, dátà tí mo fi ń fi àwòrán ránṣẹ́, epo jẹnẹrétọ̀ nígbà tí kò bá síná, bátìrì, àti owó tí mo gbọ́dọ̀ máa fi pamọ́ díẹ̀díẹ̀ nítorí pé kámẹ́rà yóò bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Ìdajì owó ni mo máa ń gbà ṣáájú. Owó fọ́tò ní àkáǹtì tirẹ̀, n kì í dà á pọ̀ mọ́ owó oṣù. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, owó ìwé fọ́tò àti yíǹkì kò dúró lójú kan, torí òkè òkun ni wọ́n ti ń kó wọn wọlé. Nítorí bẹ́ẹ̀, iye tí mo bá dá lónìí, mo máa ń sọ ọjọ́ tí yóò dópin.

Nǹkan tó mú kí iṣẹ́ yìí san mí ju òde lọ ni pé àgbà kan ní ọmọ púpọ̀. Bí wọ́n bá gba onífọ́tò fún òde, oníbàárà kan ló ń sanwó iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá kan tó bí ọmọ mẹ́fà tàbí méje, tí wọ́n fọ́n ká láti Àkóbọ̀ dé Houston, gbogbo wọn ló fẹ́ tiwọn lára ògiri. Ìjókòó kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ férémù. Ní oṣù tó bá dára, ó máa ń tó ìdajì owó oṣù olùkọ́. Ní àárín òjò, ó lè má tó nǹkan kan, mo sì ti fi ọkàn sí i bẹ́ẹ̀. N kò ní fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Owó oṣù ló ń fún mi lágbára láti kọ iṣẹ́ tí kò wù mí.

Àwọn ìyá Ìbàdàn mọ̀ ọ́n ná. "Ẹ̀yin náà ẹ dín in kù, ẹ jẹ́ ká jọ jẹ ẹ́." Mo ti kọ́ láti má ṣe dín iye kù fún ohun kan náà. Bí owó wọn kò bá tó, a ó dín férémù kù, tàbí kí fọ́tò kéré sí i, ojú ìyá kò ní yí padà. Àwọn àgbà kan sì wà tí kò sẹ́ni tó máa sanwó fún wọn. Bí mo bá ti wà nínú agbo ilé, mo máa ń yà wọ́n, mo sì máa ń tẹ ọ̀kan kékeré fún wọn. Mo ti ṣírò rẹ̀ mọ́ owó ìjókòó àwọn yòókù.

Lórí ohun èlò, n kò ní sọ púpọ̀, nítorí mo rò pé àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kámẹ́rà Canon àlòkù kan àti lẹ́ǹsì 50mm f/1.8, ojú kámẹ́rà tó ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ wọlé, tó kéré, tó fúyẹ́, ni mo fi ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá ń ra lẹ́ǹsì àlòkù, kó tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀yìn kó sì wò ó dáadáa, torí ebu máa ń hù sínú lẹ́ǹsì nílẹ̀ olóoru bíi tiwa. Nígbà ọyẹ́, kó má ṣe yọ lẹ́ǹsì níta, eruku á wọlé. Ọyẹ́ kan náà máa ń jẹ́ kí òòrùn rọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ rọra bo ojú ènìyàn láìmú òjìji líle wá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ojú àgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ètè gbogbo wa máa ń gbẹ.

Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti 2022 fi ẹ̀tọ́ àwòrán sọ́wọ́ ẹni tó yà á, àyàfi tí ìwé àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ń dáàbò bo iṣẹ́ mi. Síbẹ̀ n kì í gbé ojú àgbà kankan sórí Instagram láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ gbà, bí ọmọ rẹ̀ tilẹ̀ ti gbà. Mo máa ń fi hàn wọ́n lórí fóònù pé ibí ni yóò wà, àwọn tí ẹ kò mọ̀ rí yóò rí i. Àwọn kan á ní kí n gbé e sí i kí ayé rí àwọn. Àwọn kan á kọ̀. Ìyá kan tó rẹwà púpọ̀ ní Kúdẹtì kọ̀, fọ́tò rẹ̀ sì dára ju gbogbo èyí tí mo ti yà lọ. Inú ilé wọn nìkan ló wà.

Iṣẹ́ náà ti ń bí òmíràn báyìí. Bí mo bá ya àgbà tán, wọ́n sábà máa ń ní kí ọmọ lọ gbé àpótí kan wá, kí n wá wo ìgbà èwe àwọn. Inú rẹ̀ ni fọ́tò aláwọ̀ dúdú-àti-funfun máa ń wà, pẹ̀lú òǹtẹ̀ sítúdíò tó ti kógbá wọlé tipẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀, omi ti kan àwọn kan nínú wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n padà: mo máa ń tẹ́ wọn sórí tábìlì, mo máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì wọn ní ẹ̀gbẹ́ kí ojú ìwé má báa dán, mo sì máa ń to kámẹ́rà sókè wọn gbọnrangandan. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń ṣàtúnṣe ibi tó ti fàya. Mo máa ń ní kí Bàbá tàbí Màmá pe orúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, láti ọ̀tún sí òsì, fóònù mi á sì máa gba ohùn wọn sílẹ̀. Mo máa ń kọ orúkọ náà mọ́ fáìlì kí n tó sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì máa ń fi ẹ̀dà kan pamọ́ sórí hádídírífù ilé, òmíràn sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Iye tí mò ń gbà lórí èyí kò tíì pọ̀, torí ó ń gba àkókò, àwọn ọmọ kò sì tíì mọ̀ pé ó wà nínú ohun tí wọ́n lè sanwó fún. Ní oṣù tó kọjá, onífọ́tò àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí sítúdíò rẹ̀ wà nítòsí Mókọ́lá nígbà kan, gbà kí n wá wo páálí nẹ́gátíìfù, fíìmù tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò jáde, tó kó sábẹ́ ibùsùn. Ìyàwó rẹ̀ ti fẹ́ kó wọn dànù. Mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ní sùúrù di ìgbà tí a bá gba ọlidé, kí n lè wá jókòó tì wọ́n dáadáa, kí Bàbá sì máa sọ fún mi ta ni ta ni.